Bí Apẹja Ti Ń Mọ Ọjọ́ Tí Odò Yóò Ṣe Rere

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ń jẹ ẹja ní ọjọ́ gbogbo, tí ẹ kò sì fi ìgbà kankan bi ara yín pé báwo ni ẹni tí ó pa á ti ṣe mọ̀ pé òun yóò rí nǹkan pa ní ọjọ́ náà. Àgbẹ̀ mọ ìgbà tí a ń kọ ebè àti ìgbà tí a ń wa iṣu. Ṣùgbọ́n odò kò ní ebè, ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì hàn sí ojú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀síbẹ̀, apẹja àtàtà kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń da àwọ̀n sínú omi tí ó sì ń retí oríire. Àmì ni ó ń wò. Díẹ̀ nínú àmì náà wà ní ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù, tí ó sì ṣòro jù láti mọ̀, wà nínú omi fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ju èyí lọ: ojú ọjọ́ tí ó wà lórí apẹja kì í sábà jẹ́ ojú ọjọ́ tí ó ń kún odò rẹ̀.

Mo kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà èwe mi, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí mi. Àbúrò bàbá mi kan jẹ́ apẹja ní bèbè Odò Ògùn, ní ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń rán mi lọ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan, òjò dá, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dá ní ilẹ̀ wa ní àkókò náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo kò bọ́ sílẹ̀. Oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́ kedere, odò sì ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òkúta tí àwọn obìnrin ń fọ aṣọ lórí wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Mo wí fún un pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a lọ dẹ àwọ̀n sí ẹ̀yìn àpáta lónìí, ojú ọjọ́ dára púpọ̀.” Ó wo omi, kò gbé ojú sókè rárá, ó sì dá mi lóhùn pé, “Ojú ọjọ́ ti ibo ni o ń wí?”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo rò pé àgbà ń fi ọ̀rọ̀ dá mi lára yá ni. Nígbà tí ó lọ sí ọjà, èmi àti ọmọ aládùúgbò kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀, a mú àwọ̀n rẹ̀ tí ó dára jù, a sì lọ. Kò tí ì pẹ́ tí a so àwọ̀n tán tí mo rí i pé ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tí kò sí nígbà tí a dé ibẹ̀. Omi tí ó ti tòrò ní òwúrọ̀ di pupa bí omi amọ̀. Nígbà tí mo fi ojú wá àpáta tí a so ọkọ̀ mọ́, èmi kò rí i mọ́. Omi ti bò ó. Àwọ̀n ni odò kọ́kọ́ gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dojú dé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀ka igi kan tí ó tẹ̀ sórí omi, òun ni àwa méjèèjì dì mú, tí a sì ń ké, títí àwọn obìnrin tí ń pọn omi fi gbọ́ igbe wa, tí àwọn ọkùnrin sì fi ọkọ̀ wá gbé wa. Oòrùn sì ń ràn ní gbogbo àkókò náà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kò nà mí, bẹ́ẹ̀ ni kò bú mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀n náà ni oúnjẹ ilé rẹ̀, tí ó sì tó oṣù mẹ́ta kí ó tó rí owó ra òmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí etí omi, ó sì fi èèkàn kan hàn mí tí a gbá mọ́ bèbè, tí a fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára ní ìwọ̀n ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ní àná, kí ìwọ tó jí, omi ti gun ìka mẹ́ta lára èyí. Ìwọ sì rí i pé òjò kò rọ̀ níbí. Ta ni ó bu omi sí i?” Mo ní, “Bàbá, èmi kò mọ̀.” Ó ní, “Àwọn ará Ṣakí ni.”

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Ní ìhà Ṣakí, ní àríwá ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba inú igbó Ọ̀yọ́ àtijọ́ kọjá, ó gba ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, ó la Abẹ́òkúta já, kí ó tó wọ inú ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́ Èkó. Ọ̀fìkì àti Ọyán àti àwọn odò kéékèèké púpọ̀ sì ń dà sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, òjò a máa pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọdún, èyíinì ni ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Ìsinmi díẹ̀ a sì wà láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sí ìhà àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi náà ń dínkù, títí òjò méjèèjì a fi di ẹyọ kan tí ó pọ̀ jù ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, ní àkókò gan-an tí ará Abẹ́òkúta ń sá aṣọ tí ó sì ń dúpẹ́ pé òjò dá, ọ̀wààrà òjò lè máa rọ̀ ní òkè odò lọ́sàn-án àti lóru. Omi náà kì í dé lójú kan náà. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó bá sì bá a pàdé ní ìsàlẹ̀ kò rí àwọsánmà kankan tí ì bá kìlọ̀ fún un.

Èèkàn ni àmì kìíní, ẹni tí ó bá ní i kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti máa méfò. Kò náni ní kọ́bọ̀. Kí a gbá a mọ́ ibi tí omi kò ti yára, kí a wò ó ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì rántí iye rẹ̀. Ẹni tí kò ní èèkàn lè wo bèbè: bí ilẹ̀ tútù bá wà ní òkè ibi tí omi dé, odò ń fà, bí omi bá kan koríko gbígbẹ tàbí ilẹ̀ gbígbẹ, tí orí koríko sì ń mì nínú omi, odò ń gun. Ohun tí ń léfòó pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí odò bá ń gun, yóò máa kó ewé, igi, èérún àti ìfófòó tí ó bá ní etí bèbè, nítorí ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀ ni ó ń dé. Nígbà tí ó bá ń fà, ó ti gbá ibẹ̀ mọ́ tán, pàǹtí a sì dínkù. Àwọ̀ omi ń bẹ pẹ̀lú. Bí ó bá ṣàdédé pupa nígbà tí ilẹ̀ ibi tí a wà gbẹ, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń gbé bọ̀.

Ní ti yíyára omi, ọ̀nà tí àbúrò bàbá mi fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. A ju ewé tútù kan sínú omi, a sì ń bá a rìn lọ ní etí bèbè. Bí ó bá ń rìn bí àgbàlagbà tí ń lọ sí oko lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, a lè dẹ àwọ̀n. Bí a bá ní láti yára kí a tó lè bá a dé, a ó máa dẹ ìwọ̀ ní ẹ̀yìn òkúta nìkan. Bí a bá ní láti sáré, ilé yá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé bí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọkùnrin tí ó dúró ṣinṣin nínú odò ní àná, tí omi kò sì ju orúnkún rẹ̀ lọ, fi lè ṣubú ní ibẹ̀ kan náà lónìí. Ẹja pẹ̀lú mọ agbára yìí. Kì í dúró ní àárín ìṣàn láti máa bá a jà. A máa sá sí ibi tí omi ti rọ̀, ní ẹ̀yìn àpáta, ní abẹ́ gbòǹgbò igi, ní ìsàlẹ̀ ibi tí odò ti tẹ̀, a sì dúró níbẹ̀ kí ìṣàn máa gbé oúnjẹ wá bá a. Ibẹ̀ ni kí a wá a sí.

Àwọn àgbà ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Òtítọ́ ni. Apẹja ni odò ń kún bò lójú, nítorí pé ẹja ti ibi kan bọ́ sí ibòmíràn. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun, pàápàá ní ìkún àkọ́kọ́ ọdún, àrọ̀ a máa jáde kúrò nínú ibú, a sì máa bọ́ sórí koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ní ẹ̀bá odò. Ibẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí. Ẹni tí ó bá gbé ìgèrè sí ojú ibi tí omi gbà wọ àkùrọ̀ yóò rí ẹja ńlá ńlá kó ní àkókò náà, gbogbo wọn a sì kún fún ẹyin. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ebi ń pa apẹja lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, èmi kò sì ní dá a lẹ́jọ́ fún ìgèrè kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọgbà dí gbogbo ojú ọ̀nà náà pátápátá, ẹja ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń jẹ.

Nígbà tí odò bá kún dé òkè, ẹja ti fọ́n ká inú igbó àti pápá, omi yára, ó sì rú. Àkókò yìí ni àkókò títún àwọ̀n ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó máa ń fẹ́ fi agbára hàn nígbà náà; àgbà a jókòó sí ilé, a máa hun ìgèrè.

Ìgbà tí omi bá yípadà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà ni ìgbà ìkórè. Oúnjẹ ti pọ̀ fún ẹja lórí ilẹ̀ tí omi bò: kòkòrò, ekòló, èso, koríko. Ó ti sanra, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà díẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ padà sínú odò kí ilẹ̀ tó gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbà jáde ni wọn yóò gbà padà. Apẹja tí ó ti ń ka èèkàn rẹ̀ mọ ọjọ́ tí èyí bẹ̀rẹ̀. Kò dúró kí òjò dá. Òjò lè máa rọ̀ sórí rẹ̀ nígbà tí odò ń fà, bí òkè odò bá ti gbẹ. Mo rántí òru kan ní oṣù kọkànlá tí àbúrò bàbá mi jí wa, tí a sì gbé ìgèrè mẹ́fà sí ojú omi kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ kò rí agbọ̀n tí ó tó láti kó ohun tí a rí.

Bí omi bá rú tàbí bí ó bá mọ́ ni ó ń pinnu irú ohun èlò. Ojú ni ẹ̀pìyà fi ń wá oúnjẹ, nítorí náà kì í ṣe dáadáa nínú omi ẹrẹ̀. Àrọ̀ àti òbòkún ní irun gígùn ní ẹnu, èyí tí wọ́n fi ń fọwọ́ ba ilẹ̀ tí wọ́n sì fi ń mọ adùn nǹkan nínú òkùnkùn. Ẹrẹ̀ kò dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí omi bá rú, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀ kan ilẹ̀, kí ìjẹ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ní òórùn. Nígbà tí omi bá mọ́ bí omi inú àwo, ẹja ń rí àwọ̀n bí ìwọ ti ń rí i, òru ni kí a dẹ ẹ́.

Mo ti sọ̀rọ̀ omi púpọ̀, kí ẹ má rò pé ojú ọ̀run kò já mọ́ nǹkan. Ooru ń dín afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí kù nínú omi. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò ti di ògbun kéékèèké tí oòrùn sì ń sè é, ẹja a máa yọ ẹnu sí ojú omi ní ìdájí, kò sì ní fẹ́ jẹun. Àrọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà, nítorí pé ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ ní àkókò náà, àgbàrá a gbá ewé jíjẹrà, eérú oko àti ìgbẹ́ ẹran sínú ògbun, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó kù a sì tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ó rí òkú ẹja lórí omi. Ẹni tí kò mọ̀ a máa fura pé aládùúgbò ti da oró sínú odò, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ àwọn kan ń fi oró pa ẹja, nítorí náà ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ má ṣe ra ẹja tí a ṣà lórí omi, ohunkóhun tí ì báà pa á.

Nígbà ọyẹ́, omi tutù ní òwúrọ̀, ẹja a sì lọ́ra. Kí apẹja má ṣe dá ara rẹ̀ láàmú, kí ó dúró kí oòrùn gòkè. Ẹ̀fúùfù kò ṣe nǹkan púpọ̀ fún odò tóóró tí igi wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní orí ọ̀sà àti adágún ńlá, òun ni olórí ewu, nítorí ìjì tí ó máa ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ìgbà òjò kì í fún ènìyàn ní àyè láti wa ọkọ̀ dé èbúté. Oṣù pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ní adágún Kàínjì, àwọn apẹja a máa gbé fìtílà sórí ọkọ̀ ní òru tí òṣùpá kò sí, kí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ lè rọ́ wá sí ibi ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bá mọ́, fìtílà kò fà wọ́n mọ́.

Níwọ̀n bí mo sì ti dárúkọ Kàínjì, kò sí odò tí ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ “àwọn ará Ṣakí” hàn tó Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Ibi tí odò yìí ti ṣẹ̀ ní orí òkè ilẹ̀ Gínì kò ju nǹkan bí máìlì 150 lọ sí òkun, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí òkun náà, ó sì rìn yí ká nǹkan bí máìlì 2,600 kí ó tó dé òkun ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Òjò tí ó rọ̀ ní Gínì láti oṣù kẹfà ń ṣàn bọ̀. Ní ilẹ̀ Málì omi náà tàn ká orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń fa apá púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń sílẹ̀ sí. Èyí tí ó kù ń bọ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, nígbà tí ó bá sì fi dé ilẹ̀ wa, ó ti di ìparí oṣù kejìlá, tàbí oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹ wò ó: ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń là, òjò kò tí ì rọ̀ láti oṣù kẹwàá, odò sì ń kún! Omi náà mọ́, ó sì dà bí ẹni pé ó dúdú, nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní ìkún dúdú. Ìkún kejì, tí a ń pè ní funfun, ni ti òjò ilẹ̀ Nàìjíríà àti àgbègbè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ń dé ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, ó sì kún fún ẹrẹ̀. Ìkún méjì nínú ọdún kan, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti òkèèrè. Apẹja àjèjì tí ó bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n Odò Ògùn nìkan yóò pa àgọ́ sí etí omi ní oṣù kìíní, yóò sì jí nínú omi.

Ìkún funfun ń bo àpáta pẹ̀lú, bí ó ti bo tiwa ní ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring, tí Ajàyí Crowther bá wọn rìn nínú ìrìnàjò rẹ̀, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Àwọn atukọ̀ gidi ni wọ́n.

Ohun kan wà tí àbúrò bàbá mi kò ní láti rò ní ìgbà èwe rẹ̀. Nísinsin yìí, kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń kún odò. Ọwọ́ ènìyàn ń kún un pẹ̀lú. Ní 1968 ni a parí ìsédò Kàínjì, èyíinì ni ògiri ńlá tí a fi dá Odò Ọya dúró láti fi ṣe iná mànàmáná. Ìlú Bùsà àtijọ́ ń bẹ nísàlẹ̀ adágún rẹ̀. Ní 1983 ni a ṣí ìsédò Ọyán, tí omi rẹ̀ ń wọ inú Ògùn. Ìsédò ní àǹfààní púpọ̀, èmi kò sì jẹ́ bá ẹni tí ń mu omi ẹ̀rọ ní Abẹ́òkúta jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí adágún bá kún jù, a gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi tí ó bá sì jáde kì í fara jọ ìkún òjò, tí ń gun ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹwàá 2010, omi tí a tú sílẹ̀ láti Ọyán lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilé wọn ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn títí dé ẹ̀bá Ìkòròdú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Odò Bẹ́núé: ìsédò Lagdo tí ń dá omi rẹ̀ dúró wà ní ilẹ̀ Kàmẹrúùnù, ó sì wà lára ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìkún omi ńlá ti 2012 àti ti 2022, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò àwọn ọdún náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, apẹja òde òní gbọ́dọ̀ máa fetí sí ìkéde àwọn alábòójútó odò ní orí rédíò, kí ó sì kà á mọ́ àmì ojú ọjọ́.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Ògùn ti wọ ọ̀sà, ìyọ̀ ni ó ń jọba. Nígbà òjò, omi odò a ti omi òkun sẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi oníyọ̀ a padà, ẹja òkun a sì bá a wọlé. Láti nǹkan bí 1984 ni ewéko kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, ti ń bo ojú omi náà nígbà òjò tí ọkọ̀ kò fi lè kọjá. Nígbà tí iyọ̀ bá dé, a kú. Àwọn apẹja ibẹ̀ a máa tọ́ omi wò ní ẹnu kí wọ́n tó dẹ àwọ̀n, mo sì rí i pé ọgbọ́n náà péye.

Ẹ̀yin ìyá ilé tí ń ra ẹja ní ọjà, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe nǹkan bí ẹ kò tilẹ̀ dé etí odò rí. Ẹja odò a máa wọ́n nígbà tí omi bá kún dé òkè, kì í ṣe pé alájàpá fẹ́ yan yín jẹ. Ẹ dúró di ìgbà tí odò bá ń fà, ní oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá ní ìhà Ògùn, kí ẹ rà á nígbà tí ó pọ̀ tí ó sì sanra, kí ẹ yan án gbẹ sí orí àjà. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, ẹ gbá èèkàn kan fún un. Yóò wù ú láti máa kà á.

Àbúrò bàbá mi ti sùn ní tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń pẹja níbẹ̀ nísinsin yìí. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò ní ìsinmi oṣù kẹjọ kan, ojú ọ̀run mọ́ bí ti ọjọ́ náà gan-an. Ó lọ wo èèkàn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu omi ó sì wò ó, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù, ó sì pe bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwọn ọmọ ń kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, òjò ti ibẹ̀ ń kọ́?” Mo gbọ́ tí ẹni náà rẹ́rìn-ín, tí ó sì ní ó ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, kò sì tí ì dá. Ọmọ náà dúpẹ́, ó fi fóònù sí àpò, ó sì fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè bèbè ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá.